Àmì Tí Ìyá Ọṣẹ Ní Kò Pọn Dandan

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n kan pátákó kan mọ́ ògiri ilé ìlera tó wà ní ìkángun àdúgbò. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí: ARAN KO YE OMO YIN. E MU WON WA NI OJOBO. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀.

Ìyá Ọṣẹ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni, láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Òun ló ń yọjú wo ilé ìgbẹ́ onílé, òun ló ń gbá ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú láti wo ohun tó wà lábẹ́ èékánná. "Ẹyin aràn ò ṣeé fi ojú rí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "ohun kékeré tí ẹ ò kà sí ló ń ṣeni." Nínú ilé, ọkọ rẹ̀ kì í fọwọ́ kan oúnjẹ láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ náà hàn án, iwájú àti ẹ̀yìn. Ọkọ yìí ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ òun kí wọ́n tó pe ìyá wọn, kí òun má baà gba ìbáwí nínú pósí.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ pátákó náà bi í pé, "Màmá, ṣé kí n fi àmì sí i?"

"Àmì kẹ̀? Ta ni kò mọ aràn?"

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé ìlera kò mọ̀ ọ́n. Aṣọ àrán ni wọ́n mọ ọkùnrin náà mọ́, àrán ló sì kà lára ògiri. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí gbogbo àdúgbò ká pé àwọn oníṣẹ́ ìlera ní aṣọ iyì ò tọ́ sí ọmọ tálákà.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ télọ̀ yìí gan-an ni Ìyá Ọṣẹ torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí ìjọba ìbílẹ̀ fi fọwọ́ sí i pé àwọn á kó oògùn aràn wá. Ọmọbìnrin kékeré ni, kì í wọ bàtà, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ jẹ, ikùn rẹ̀ rí bí ẹni gbé igbá mì, abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun bí òwú. Wolé-wolé ti fura: irú aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mu. Bí kò bá lo oògùn lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ á kó ìyókù padà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan sì jìnnà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé, bẹ́ǹṣì ṣófo. Ìyá Ọṣẹ fọwọ́ lẹ́rán títí oòrùn fi mú, ó wá kó páálí oògùn, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. A ò rí yín."

Télọ̀ ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ ó ti ṣe rí wa? Ṣebí ẹ ní àrán ò yẹ ọmọ wa. Èmi tí mò ń rán an fún gbogbo ayé, tí mo fi àjákù rẹ̀ rán gáùn fún ọmọ tèmi, ara ògiri ni mo ti wá mọ̀ pé kò yẹ ẹ́!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Ọṣẹ. "Háà! Kì í ṣe àrán, bàbá, aràn ni! Aràn inú! Ó ti kún ikùn ọmọ yín fọ́fọ́."

Télọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Màmá," ni télọ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú tó báyìí."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ dá sí i. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká gba oògùn yìí. Àbí ẹ ò rí bí ọmọ ṣe ń gbẹ ni?"

"Mo rí i." Télọ̀ kọjú sí àlejò. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin náà ń lò ó?"

Wolé-wolé wo páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń pín oògùn aràn, kò fi ọ̀kan kan ahọ́n rí. Lójú tirẹ̀, aràn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

"Èmi? Èmi tí mò ń fọwọ́?"

"Ọwọ́ lẹ ń fọ̀, ẹ ò fọ ikùn. Ẹ jẹ ẹ́ lójú mi, ọmọ mi á jẹ."

Ìyá Ọṣẹ wo ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ìka oníyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu. Ó já hóró kan, ó rún un. Ọmọ náà rò pé súwíìtì ni, ó na ọwọ́ kí bàbá rẹ̀ tó fọhùn. Ó rún tirẹ̀ kúnná, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn.

Ìyá Ọṣẹ mí kanlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n ra bàtà fún ọmọ, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kó má ṣe yàgbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí láti ibẹ̀ ni aràn ti ń padà wọ ara ènìyàn.

Ìyàwó télọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"A dúpẹ́, màmá. Ilé ìgbẹ́ wa tí ẹ kùn ní ọ̀dà pupa lóṣù tó kọjá, tí ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ mọ́, onílé ò tíì gbẹ́ òmíràn. Ìdí igi ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń lọ. Bí inú ọmọ yìí bá wá rú nísinsìnyí, níbo lẹ ní ká gbé e gbà?"