Gàgàrà, Onígbàjámọ̀ Iwájú Kàtídírà

Ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń rántí jù nínú ọ̀rọ̀ olóògbé Gàgàrà ni ọjọ́ tó fi orí télọ̀ kan sílẹ̀ láàbọ̀. Onígbàjámọ̀ ni Gàgàrà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dojú kọ kàtídírà ńlá ìlú náà. Ènìyàn kúkúrú ni, àmọ́ tó bá ti ń ròyìn kàtídírà, orí ìka ẹsẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń lọ sí olú-ìlú daṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gàgàrà gbé abẹ sílẹ̀, ó jáde lọ bá wọn.

"Kàtídírà olú-ìlú tí ẹ ń sáré lọ wò yẹn, ìpàkọ́ ara yín lẹ máa rí níbẹ̀," ó ní. "Èrò ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo ibi tí èèyàn ti lè mí."

"Gàgàrà, orí mi ńkọ́?" ni télọ̀ bi í.

"Orí ẹ ò ní sá lọ. Bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n lè tún ṣe nígbàkigbà."

Kí ni télọ̀ ì bá ṣe? Ó tẹ̀ lé wọn wọlé tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn, apá kan orí ń dán, apá kejì ṣì kún fún irun. Ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá òpó, ó ń retí onígbàjámọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò rò pé bí àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ṣe ń gẹrun nìyẹn. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ju ti pẹpẹ lọ. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pé kó súre fún òun, télọ̀ sì súre.

Ìtàn ẹnu Gàgàrà kì í dúró sójú kan. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá a níbi tó ti ń sọ bí ọ̀gá mọlémọlé tó kọ́ kàtídírà ṣe lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ nínú ilé náà.

"Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó já bọ́ láti òkè, ó kú."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kú lóòótọ́," ni Gàgàrà wí. "Ara ẹ̀ ti yá."

Àlùfáà kàtídírà náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, kò sí ẹja tí ẹ máa ń ròyìn fáwọn àlejò yẹn nínú gíláàsì fèrèsé kankan."

"Ẹ ò tíì pẹ́ níbí tó ni, àlùfáà. Ẹ máa rí i."

Àwọn tó mọ ibi tí ẹja yẹn ti ṣẹ̀ kì í lè rẹ́rìn-ín pẹ́. Ojú ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe bàìbàì, nígbà tó yá ó fọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà fẹ́ràn fèrèsé aláràbarà inú kàtídírà ju ohunkóhun lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, tí Gàgàrà bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, á máa ròyìn gíláàsì kọ̀ọ̀kan fún un. Àmọ́ òótọ́ tó mọ̀ ò pọ̀, ó sì tètè tán.

"Ṣé kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Gàgàrà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó wà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì sọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹja ti wọ inú fèrèsé.

Nígbà tí obìnrin náà kú, Gàgàrà ò wọ kàtídírà mọ́. Tí àlejò bá bèèrè ọ̀nà, á kàn nawọ́. Nígbà tí àlùfáà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń pẹ́ jù, ó wá jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ apárí ni.

"Kí ni kí n bá yín gẹ̀ níbẹ̀?" ni Gàgàrà bi í.

"Kò sí. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ wá máa parọ́ yín. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù."

Gàgàrà nu abẹ, ó tún un nù. "Ta ni kí n máa pa á fún?"

Ìgbà tó tún máa wọ kàtídírà, gbígbé ni wọ́n gbé e wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì nìkan ló kù lórí ìjókòó tí ìyá rẹ̀ máa ń lò. Ó dijú. Télọ̀ wá rọra jókòó tì í.

"Fèrèsé tó wà níwájú wa yìí," ó ní, ó tún ọ̀fun ṣe, "ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó wọṣọ. Wọ́n rán an dáadáa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì nínú ẹkún. "Bàbá kì í sọ ọ́ báyẹn."

"Báwo ló ṣe ń sọ ọ́?"

"Ó ní ìyàwó ọkùnrin yẹn ló ń pè é láti òdìkejì odò, òun ló fi yíjú."

Télọ̀ wo ọkùnrin inú gíláàsì náà títí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ó tiẹ̀ ti ń lọ bá a."