Ọjọ́ Ìgbéyàwó Wa Tí Gbogbo Ayé Ń Bá Wa Dù

Nítorí pé ìsinmi ìjọba ni, ni èmi àti ìyàwó mi ṣe mú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá fún ìgbéyàwó wa. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tọrọ àyè níbi iṣẹ́ torí tiwa. Ọgbọ́n la pè é. A kò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni olórí ìjọba ológun yóò kéde pé wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó.

A ti dúró níwájú pẹpẹ ní Ìsẹ̀, ìlú ìyàwó mi, nígbà tí ariwo sọ níta. Ìdajì ìjọ jáde lọ jó ní títì. Àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí pásítọ̀ béèrè ẹni tí yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, a wá bàbá rẹ̀ tì. Wọ́n ní láti lọ mú un wá láàárín èrò, ó ń làágùn, ó mú ewé lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, a ti gba ìpínlẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà, bí Nàìjíríà bá ti ń ṣọdún, tí Èkìtì ń ṣọdún, èmi a tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ yan bí ológun nínú oòrùn, ìyàwó mi a dá jókòó sílé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Dádì, lọ́tẹ̀ yìí, tiwa nìkan la máa ṣe. Màá pa adìẹ, a ó sì gún uyán."

Bí wọ́n ṣe ń pe iyán ní ìlú wọn nìyẹn, bí inú rẹ̀ bá dùn ló sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ń tu ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, pè wá.

"Mọ́mì, Dádì, ẹ kú ọdún o! Òní ni ọjọ́ àwọn àgbàlagbà lágbàáyé!"

"Àwọn wo ni àgbàlagbà?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà ń ka fóònù rẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ kọfí náà ni, ọjọ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran náà sì ni. Ìyàwó mi wo adìẹ ọwọ́ rẹ̀, ó ń tu ìyẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹnu fóònù yìí ni a wà tí pásítọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí à ń gbé, fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí á yára wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fẹ́ bọlá fún wa. Ọkàn mi ní, a rí ẹni tó rántí ìgbéyàwó wa! A wọ aṣọ tó dára jù. A débẹ̀, ó di iwájú, lórí àga onítìmùtìmù, láàárín àwọn arúgbó. Wọ́n yẹ ìfúnpá wa wò. Wọ́n ní kí á dín iyán kù. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n fún ìyàwó mi ní ìpara oríkèé ríro. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo dìde láti dúpẹ́, ọ̀dọ́ méjì sáré wá dì mí mú kí n má baà ṣubú.

Bí a ṣe délé, ìyàwó mi pe ọmọ náà padà.

"Gbogbo ọjọ́ tí o kà fún wa yẹn, ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ kò sí nínú wọn?"

Ọmọ náà kígbe. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní òun á ní kí wọ́n gbé kéèkì wá fún wa lọ́la. Ó wá fi ẹ̀rín kún un:

"Mọ́mì, ẹ má bá mi jà mọ́. Ọ̀la ni ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jà."

"Ó dáa," ni ìyàwó mi wí, ó sì fa àga kan sún mọ́ra. "Jẹ́ kí n parí tèmi lónìí."

Ọ̀dọ̀ ọmọ ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ èmi tí mo máa ń lọ yan bí ológun ló parí ẹ̀ sí.