Ọjọ́ Tí Òkéwùmí Ná Ìbò

Lọ́dún 1975, Ràímì Òkéwùmí wọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa láti dìbò, ó sì ná ìbò bí ẹni ń ná àwo.

Abúlé náà kéré, etí ọ̀sà ló wà, ó kọjá ìlú Songon díẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn onífaransé tí àwa Yorùbá ti ń ṣòwò. Igba ènìyàn ó lé mẹ́tàlá ló ń dìbò níbẹ̀, onílé àti àjòjì tó ti pẹ́, torí òfin ìgbà náà gbà fún wa. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, ìwé ìbò kan ṣoṣo náà ló wà. Séraphin, tíṣà abúlé tó ń bójú tó ìbò, na ìwé náà sí Òkéwùmí pẹ̀lú àpòòwé.

Òkéwùmí yí i wò níwá, ó yí i wò lẹ́yìn. "Maître, èkejì ńkọ́?"

"Kò sí èkejì, Baba."

"Ìgbòho ni wọ́n ti bí mi. A kì í ra ọjà láìrí ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ tún wo abẹ́ tábìlì."

Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yíjú wò wọ́n. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń wolẹ̀. Séraphin rọra ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́." Òkéwùmí mí kanlẹ̀, ó ki ìwé bọ àpòòwé, ó jù ú sínú àpótí, ó wá béèrè èènì.

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwo tánganran àti àtùpà ló ń tà, àmọ́ kò sí ohun tí kì í ná. Dókítà ní kó lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ná an wá sí mẹ́fà. Ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní dókítà ti rẹ́ òun jẹ ní ọjọ́ kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbò náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka ìbò tán, ìwé jẹ́ igba ó lé méjìlá. Àpòòwé kan ṣófo. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń dìbò lábúlé náà, ẹyọ kan kò yẹ̀ rí, nítorí èyí ni ìjọba sì ṣe ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún wa. Ìròyìn dé pé ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀ ní Ọjọ́rú láti mọ ẹni tó ṣe é.

Láàárín ọjọ́ méjì, onílé ò kí àjòjì dáadáa mọ́. Àtàndá, olórí àwa Yorùbá, lọ bá Òkéwùmí ní ìsọ̀.

"Ràímì, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́."

"Gbogbo wọn ló ń dárúkọ rẹ. Bí wọ́n bá lé ọ, gbogbo wa ni wọ́n lé. Ṣé o ti gbàgbé cinquante-huit, ọdún 1958 yẹn, bí wọ́n ṣe dáná sun ilé àwọn ará Dahomey?"

"Mo ní èmi kọ́."

Òtítọ́ ni. Iye tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an ló dá lé e lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó rà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Séraphin wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ mọ́ra. Ọmọ Kétu ní Dahomey ni bàbá rẹ̀, bàbá náà wà lára àwọn tí wọ́n lé ní 1958.

"Baba, èmi ni. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń na ìwé kan ṣoṣo yẹn sí ènìyàn. Ìgbà tí ẹ béèrè èkejì, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Nígbà tó wá kàn mí láti dìbò, ọwọ́ mi kọ̀, àpòòwé òfìfo ni mo jù sínú àpótí. Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́."

Òkéwùmí ń nu gíláàsì àtùpà kan. Ó nù ú títí. "Lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé," ló sọ.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo abúlé pé yí i ká. Ó béèrè ẹni tó ni àpòòwé òfìfo. Séraphin fẹ́ dìde, àmọ́ Òkéwùmí ti wà lórí ìdúró.

"Èmi ni, ọ̀gá. Níbi tí mo ti ń wá èkejì ni mo ti gbàgbé àkọ́kọ́."

Salimatou, ìyàwó rẹ̀, fi etí ìborùn di ẹnu.

"Kí o kúrò lábúlé yìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta," ni ọ̀gá náà pàṣẹ.

"Ọjọ́ mẹ́ta kéré, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ó di ọgbọ̀n ọdún."

Ọ̀gá náà wò ó títí. "Ọ̀sẹ̀ kan."

Ìgbà náà ni ọkàn wa balẹ̀. Ẹni tó bá ti dá iye kejì, ọwọ́ Òkéwùmí ló wà.

Wọ́n ná an títí ó fi di pé kò ní lọ síbì kankan mọ́, kó máa gbá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí ọ̀gá ti ń wọ mọ́tò, Òkéwùmí béèrè ìgbà tí ẹ̀rọ omi máa dé. Ọ̀gá ní oṣù kẹrin, Òkéwùmí ní oṣù kìíní. Oṣù kejì ni wọ́n parí ẹ̀ sí.

Ó gbá ọgbà náà fún oṣù mẹ́ta. Láràárọ̀, Séraphin á mú ìgbálẹ̀ tirẹ̀ wá, wọ́n á jọ gbá a láìsọ̀rọ̀.

Ọdún 1978 ni Òkéwùmí kú. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Séraphin dìde láàárín àwa Mùsùlùmí, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Àtàndá bọ́ fìlà, ó fi bojú.

Séraphin kúnlẹ̀ níwájú Salimatou. "Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni ìyá náà wí. "Ọkọ mi ò gbàgbé nǹkan kan rí láyé rẹ̀." Ó bu ìrẹsì sínú àwo, ó wá ẹran tó tóbi, ó fi lé e lórí, ó gbé e fún un. "Dìde, ọmọ mi. Jẹun."