Ẹni Tó Bá Ìyá Olóògbé Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe jẹun ni pé ó ń kú. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti ń kú o. Bí eré kan bá fẹ́ òkú tí wọ́n máa bá nínú bálùwẹ̀, tàbí lẹ́yìn mọ́tò, tàbí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, òun ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Á dé, á kí gbogbo èèyàn, wọ́n á kùn ún lójú, á dùbúlẹ̀, á sì kú. Bí wọ́n bá ti ní ó tó, á dìde, á gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, á béèrè bóyá tíì ṣì kù nínú fúláàsì. Nítorí èyí ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Olóògbé, òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata.

Agbálẹ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tí wọ́n ní kó ṣe òkú ń sín ṣáá. Bí wọ́n bá ti tan iná sí i lójú báyìí, á sín. Inú bí olùdarí eré. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí agbálẹ̀ tó ti sùn lọ lórí àga, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí eṣinṣin ń rìn lórí imú rẹ̀ tí kò sì mira. Ó ní, "Ẹ bá mi jí màmá yẹn, kí wọ́n wá bá wa sùn níbí." Bí ìgbálẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kú dáadáa, ikùn ni kó fi máa mí, kó fi àyà sílẹ̀. Kó má ronú ohun tó dùn ún, kó má sì ronú ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kó kàn máa ronú nípa ògiri.

Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló tóbi jù nínú ilé, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń wo Ipasẹ̀ Ọ̀daràn nírọ̀lẹ́, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti máa ń kú. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú á gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, á máa gán bọ́tìnnì bó ṣe ń wòran. Ìyàwó Dírẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Wọ́n á wá máa yẹ ikú Ìyá Olóògbé wò bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dáa ju èyí lọ," ni Ìyàwó Dírẹ́bà á wí. "Màmá, ìgbà tí wọ́n fún yín ní májèlé jẹ yẹn, ó wọ̀ yín."

"Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ lélẹ̀," ni Télọ̀ á dáhùn. "Ẹsẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni."

Ìyá Olóògbé á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ki bisikíìtì bọnu.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í yìn ín nínú ilé náà ni ológbò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ló ń pè é. Ológbò ńlá aláwọ̀ eérú ni, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni tó ń retí àlàyé. Bí Ìyá Olóògbé bá fẹ́ dánra wò, á nà gbalaja sáàárín àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, Ọ̀gbẹ́ni á wá gun ikùn rẹ̀, á ká jọ síbẹ̀. Bí ológbò náà bá ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀, á jẹ́ pé èémí ti pọ̀ jù. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ tó sì sùn lọ, òkú pé nìyẹn.

Gbogbo ará ilé ló ti mọ́ lára. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bá a nílẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á bu iyọ̀ tí wọ́n wá bù, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń nu eruku ara tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ òsì kò dá a lóhùn. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó kọ iṣẹ́. Kó tó mọ̀, ó ti wà nílẹ̀, láàárín àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tó máa ń nà sí gan-an. Ojú rẹ̀ kan là sílẹ̀, èkejì pa dé. Ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Télọ̀, ó ń gbọ́ omi tó ń kán tó, tó, sínú garawa. Ó fẹ́ ké, igbe náà kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Télọ̀ wí. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó jókòó.

Ìyàwó Dírẹ́bà tẹ̀ lé e wọlé. Ó dúró wò ó. "Ti òní yìí mà ga o. Wo bí wọ́n ṣe ṣẹ́ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Wọ́n á ti fún wọn ní ikú tuntun," ni Télọ̀ wí. "Má bá wọn sọ̀rọ̀ jàre, kí wọ́n má baà gbàgbé ibi tí wọ́n kú dé."

Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Láti ilẹ̀ tó wà, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó là ń wo gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà. Orin ìbẹ̀rẹ̀ dún, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, òun gan-an ló sì wà níbẹ̀, tó nà sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀wù funfun. Ikú àtijọ́ kan ni, èyí tó ti kú tipẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn. Bó ṣe ń wò ó, ó wá ń dà bí ẹni pé ẹni tó wà lókè yẹn ló ń mí, tí òun tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ àwòrán lásán. Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n náà, bóyá òun náà á kú pi pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni dà?" Télọ̀ ló béèrè.

Ológbò náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, irun rẹ̀ dìde ṣánṣán, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí kò gun ikùn wọn lónìí?"

"Bóyá ebi ló ń pa á," ni Ìyàwó Dírẹ́bà wí, kò gbójú kúrò lára eré.

Télọ̀ jẹ́ èèyàn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà. Ó gbé ológbò náà, ó fẹ́ gbé e lé Ìyá Olóògbé nínú. Ọ̀gbẹ́ni ha á lọ́wọ́ yánnayànna, ó já, ó sá jáde. Télọ̀ dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì obìnrin náà sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà balẹ̀ bí aṣọ tútù.

"Ìyàwó Dírẹ́bà," ó rọra wí, "wọn ò ṣeré o."

Mọ́tò ọkọ Ìyàwó Dírẹ́bà ni wọ́n fi gbé Ìyá Olóògbé dé ọsibítù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dókítà ní wọ́n tètè gbé e wá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu, àmọ́ ẹnu náà kò gún mọ́. Igun òsì rẹ̀ wọ́ sísàlẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nípa ẹnì kan.

Ọjọ́ kan péré ló já àwọn nọ́ọ̀sì láyà. Òjò ńlá kan ń rọ̀ lọ́jọ́ náà láti àárọ̀. Wọ́n jí i títí, kò jí. Ara rẹ̀ tutù, èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àfìgbà tí òjò dá lọ́sàn-án ló tó lajú.

"Màmá, níbo lẹ lọ?" Nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà.

Kò rántí ibì kankan, àfi iná líle kan tí wọ́n tàn sí i lójú.

Ó padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ti bá a gbálẹ̀, Télọ̀ sì ti ń fún Ọ̀gbẹ́ni lóúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò tíì parí ìjà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó ti Ipasẹ̀ Ọ̀daràn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tuntun ni wọ́n ń lò báyìí, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n kan. Èyí àtijọ́ ti lọ síbòmíràn. Onírùngbọ̀n wọ inú ilé ẹrù kan, ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Obìnrin kan ló nà síbẹ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ aró.

"Màmá, ẹ̀yin rè é." Ìyàwó Dírẹ́bà pàtẹ́wọ́. "Kò tíì sí èyí tó dà bí eléyìí rí. Ẹ ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń ṣeré rárá."

Ìyá Olóògbé kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ṣe eléyìí," ló wí.

"Ẹ ti gbàgbé ni, Màmá," ni Télọ̀ wí. "Àìsàn a máa múni gbàgbé nǹkan."

"Onírùngbọ̀n yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí wọ́n fi mú un wá. Mi ò fojú kàn án rí láyé mi."

Kámẹ́rà sún mọ́ ojú òkú náà. Ojú Ìyá Olóògbé ni, pẹ̀lú àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀ etí. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni yẹn gún gbọọrọ. Télọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo Ìyá Olóògbé, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni dìde lábẹ́ àga. Ó rìn lọ bá gíláàsì náà, ó fi orí nù ún níbi tí ikùn obìnrin ẹlẹ́wù aró wà, ó ká jọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń kùn fún ìgbádùn. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ìpolówó ọṣẹ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Télọ̀ mú Ìyá Olóògbé lọ́wọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tó ń kun òṣèré lójú, tí wọ́n ń pè ní Onípáúdà, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó dì mọ́ ọn, ó sì fi ìka kan igun ẹnu rẹ̀.

"Màmá mi, kí ló ṣe ẹnu yín? Ṣebí ó gún lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ ilé ẹrù. Ọjọ́ tí òjò yẹn rọ̀ láti àárọ̀. A ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ránṣẹ́ pè yín. A kàn rí yín pé ẹ ti jókòó síwájú dígí mi. Mo kí yín, ẹ ò dáhùn, ẹ kàn mi orí. Ara yín tutù débi pé páúdà kò fẹ́ lẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, mo bu tíì fún yín, mo yíjú padà, ẹ ti lọ." Ó tún wo ẹnu rẹ̀. "Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ kì í fi tíì sílẹ̀."

"Ọsibítù ni mo wà lọ́jọ́ náà," ni Ìyá Olóògbé wí. "Bi Télọ̀."

Télọ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Ẹnì kan tó ń ká wáyà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò rín in parí. Onírùngbọ̀n tó ń bọ̀ lọ́nà tajú kán rí i, ó dúró gbagidi, ó sì ki ọwọ́ tó fẹ́ fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bọ àpò. Òun ló fi ọwọ́ pa ojú òkú náà dé lọ́jọ́ ilé ẹrù. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òtútù kò ti kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ òun, pé omi gbígbóná kò ràn án.

Olùdarí eré gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó. Ó béèrè ohun tí Màmá fẹ́.

"Mi ò kú mọ́," ló wí. "Ẹ fún mi ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀."

Wọ́n fi í ṣe onílé aláròyé, èyí tó máa ń dúró lójú fèrèsé tó ń sọ ohun tó rí àti ohun tí kò rí fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹnu tó wọ́ náà bá ipò yẹn mu bí ẹni pé ọwọ́ Télọ̀ ló rán an. Èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń kí i lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ àdúgbò gbìyànjú láti fún un lórúkọ mìíràn, kò lẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í fẹ́ wò. Bí wọ́n bá tún apá ilé ẹrù yẹn gbé jáde, á dìde, á lọ jókòó sí ìta títí á fi parí. Ìyàwó Dírẹ́bà bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì í, ó bi í bóyá ẹ̀rù ẹni yẹn ló ń bà á.

Ìyá Olóògbé ronú sí i. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ń jáde láti inú ilé, pẹ̀lú kíkùn Ọ̀gbẹ́ni.

"Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ nígbà tí mi ò lè dìde, kò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Mi ò kàn fẹ́ kó mọ́ ọn lára ni."