Tíkẹ́ẹ̀tì Òṣogbo Tó Dí Gíláàsì

Kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ ọ́ wà tó mi ní gáráàjì Ọ̀fà. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó bọ́ sójú títì. SS2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, torí ìwé ò yára tó fún mi.

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ni mò ń wà fún Alhaja kan tó ń kó iṣu tà láti ọjà Òjòkú. Nígbà tó ra tuntun, ó fi tápólì bò ó sínú ọgbà ilé ẹ̀, gbogbo gáráàjì ló sì mọ̀ pé èmi ni màá wà á. Èmi náà ni mo sọ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tí Alhaja ní kí n mú wá ni láísẹ́ǹsì tuntun, torí tèmi ti kú. Kí n tó mú un dé, ó gba ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún awakọ̀ àgbà kan tó máa ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn mi. Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà mi, ó wò ó, ó tún wò mí.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n mú yín l'Óṣogbo. Ẹ ń gba fóònù, ẹ sì ń wakọ̀ lọ. Ẹ ò tíì yanjú ẹ̀."

"Òṣogbo ńkọ́? Ṣé Kwara l'Òṣogbo wà ni?"

"Kò sí ní Kwara."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣe láísẹ́ǹsì mi fún mi."

"Láísẹ́ǹsì kan náà lẹ fi ń wakọ̀ lọ́hùn-ún àti níbí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ààlà. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ fún yín lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ lọ yanjú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, ká tó lè ṣe tuntun."

Jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Gbogbo wa ní gáráàjì la gbà pé tó o bá ti padà kọjá pátákó tó ń kí èèyàn káàbọ̀ sí Kwara, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún ẹ lẹ́yìn ibẹ̀ ti kú. Mi ò kúkú sọ tèmi nù. Mo ká a sí mẹ́rin, mo fi dí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́, torí gíláàsì yẹn ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Mo bá lọ bá ọkùnrin yẹn. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìwé kan wà létí gíláàsì yẹn. Mo fẹ́ mú un."

"Ìwé tí ò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi létí yìí? Ìwé ta ni?"

"Ìwé mi ni."

"Mo rò pé o ò kàwé ni."

Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí i, ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó fà á yọ fúnra ẹ̀. Gíláàsì já wálẹ̀ gbàà. Ó tú ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà.

"Tọlọ́kọ̀ lèyí," ló wí, ló bá fi sápò.

Mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé e délé Alhaja. Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó gba ìwé náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alhaja, fóònù lásán ni. Kò sí awakọ̀ tí kì í gba fóònù."

Kò tiẹ̀ wo ibi tí wọ́n kọ fóònù sí. Déètì ló ń wò.

"Ọjọ́ ọjà Òjòkú lèyí. Ọjọ́ tó o ní àwọn àgbẹ̀ ò tètè kó iṣu dé, tí àwọn oníbàárà mi jókòó síbí, tí wọ́n ń bú mi. Kí ni ọkọ̀ mi lọ ṣe l'Óṣogbo?"

Ẹnì kan ní gáráàjì ló ní ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ò lè dé Òṣogbo, kó sì padà kí wọ́n tó kírun Àlááṣàrì. Mo sì dé Òṣogbo. Mò ń pe àwọn ará gáráàjì láti sọ pé mo ti dé nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mú mi. Síbẹ̀ mo padà bọ̀, wọn ò tíì pèrun. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ kó iṣu.

"Mo yára lọ, mo yára bọ̀, Alhaja."

"Iṣu mi ni ò yára."

Ojú mi níbẹ̀ ló ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun fún ọkùnrin yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì wò mí.

Mo lọ sí Òṣogbo nínú ọkọ̀ ẹlòmíì, mo yanjú ẹ̀, láísẹ́ǹsì jáde. Alhaja ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ sí mi.

"Ọ̀fà sí Òjòkú. Tí mo bá gbọ́ orúkọ ìlú mìíì, kó o gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Gíláàsì yẹn ń gbọ̀n gan-an báyìí. Páálí kékeré ló máa mú un dúró. Mi ò fi nǹkan kan sí i. Iwájú ilé Alhaja ni mò ń gbà kọjá láràárọ̀, kó máa gbọ́ ọ.