Oògùn Aago Méje

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá: ìyá mi, èmi, àti Sísítà ìjọ Àgùdà, àgbàlagbà tí wọ́n máa ń gbé oògùn wá fún un. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Sísítà na ife omi sí ìyá mi, wọ́n sì ń wo ọ̀fun rẹ̀.

"Gbé e mì, ọmọ mi. Àbí kí n bá ọ fi ṣúgà sí i ni?"

Ìyá mi gbé ife kan ètè. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá."

Nígbà tí ìró bàtà rọ́bà wọn jìnnà tán, ìyá mi tu oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti ń yọ́.

"Bá mi fi pamọ́. Tí a bá ṣínu, n ó lò ó. Má sọ fún wọn o."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, ní Ọ̀fà, nínú àwọn ọdún 1980. Bàbá mi ti kú. N kò tíì wọ iléèwé, nítorí èmi nìkan ni ìyá mi ní tó ń tọ́jú rẹ̀. Ikọ́ ife ló ń ṣe é. Láti ojúde làwọn ará ilé ti ń kí wa. Sísítà nìkan ló ń wọlé. Wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á da ìsáàlì apakòkòrò sínú agolo tí ìyá mi ń tutọ́ sí, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìjọ wọn ti ní kí wọ́n lọ sinmi, wọ́n kọ̀.

Aládùúgbò wa kan máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Sísítà, ẹ ò lọ́kọ, ẹ ò lọ́mọ, ẹ tún ti darúgbó. Kí lẹ ń wá kiri nínú òjò?"

"Ọkọ mi tó wà lókè ló rán mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tó pè mí. Kò tíì ní kí n jókòó."

Mo rán ìyá mi létí pé àfáà wa ní kí aláìsàn má gbààwẹ̀. Ó ní ikọ́ ti dáwọ́ dúró, òun kì í ṣe aláìsàn mọ́.

"Ẹ wá ní kí Sísítà máa wá nírọ̀lẹ́," ni mo wí.

"Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run wọn. Ta ni mí, tí n ó fà wọ́n dìde?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó lo oògùn náà, ó bì í. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní ó di ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń tu oògùn sí mi lọ́wọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà dákẹ́. Inú mi ń dùn pé ó ń jókòó ṣínu bí àwọn ẹlòmíràn.

Láràárọ̀, Sísítà á bi mí lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé oògùn yẹn ń dúró nínú rẹ̀?"

"Ó ń dúró, mà." Odindi oṣù kan ni mo fi ń wí bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tí ikọ́ náà padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Sísítà gbé e lọ sí ọsibítù. Iléyá kò tíì dé tí ìyá mi fi kú.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Sísítà wá kí mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

"Oògùn mi ò ràn án," ni wọ́n wí. "N ò mọ ohun tí mo ṣì ṣe."

Nígbà náà ni mo jẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ tán, títí kan ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ wọn.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ń gbààwẹ̀. Mo ń gbọ́ ìpè ìrun yín kí n tó jáde nílé. N ò bi í léèrè." Wọ́n nu ojú. "Ǹ bá máa wá nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run ì bá dúró dè mí."

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò jáde kiri mọ́. Ìjọ dá wọn padà sí Kábà, níbi tí wọ́n ti wá. Nínú àwọn ọdún 1990 ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kú, àti pé wọn kò fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí àìsàn dé bá ìyàwó mi, n kò dákẹ́ rárá. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè títí ó fi sú u. Òun náà kú. Síbẹ̀ n kò lè fi ìbéèrè sílẹ̀, n kò sì rò pé ó ń gba ẹnikẹ́ni là.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìjẹ́wọ́ mi, kí wọ́n tó dá wọn padà sí Kábà, mo lọ sí ilé àwọn Sísítà láti tọrọ àforíjì. Ọ̀dọ́ kan nínú wọn ń gbálẹ̀. Ó ní Màmá kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbá àgbàlá náà láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Kò sẹ́ni tó jáde. Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo sì lọ sílé.