Pálọ̀ Mùsílíù Alága

Kò sí Yorùbá kan ní Richton Park nílùú òyìnbó níbí tí kò mọ̀ pé Mùsílíù ń kọ́lé. Kó tó kí ọ tán, á ti yọ fóònù, á fi ilẹ̀ tó rà ní Plainfield hàn ọ́. Kí ló wà níbẹ̀? Koríko, àti igi mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún méjìdínlógún gbé inú àpátímẹ́ǹtì, bó bá yangàn díẹ̀, kò burú.

Ìyá rẹ̀ gan-an ni ilé náà wà fún. Ó ti ṣèlérí fún wọn ní Ìsẹ́yìn pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa ti jẹ ìgbádùn ọjọ́ alẹ́. Orúnkún ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á pe Ọlọ́run. Wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Mùsílíù, bí ibẹ̀ ò bá rọ̀ mí lọ́rùn, Ìsẹ́yìn ni mò ń padà sí o. N ò ní wá di ẹrù lé ọmọ lórí."

Fàdìlàt ìyàwó rẹ̀ ló dábàá. Ó ní Dorothy, obìnrin tó ṣètò inú kílíníìkì tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Aurora, sọ pé kí wọ́n tó da kọnkéré ló yẹ kí èèyàn pe irú òun.

Mùsílíù rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ilé ò tíì dúró, o ń wá ẹni tó máa yan kọ́tìnì! Ta ní ń rán fìlà fún ọmọ tó ṣì wà nínú?"

"Baba Awwal, kì í ṣe kọ́tìnì. Ó máa bi wá bá a ṣe ń gbé ni, kí wọ́n lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Àgbà bíi tèmi, obìnrin kan ló máa wá kọ́ mi bí mo ṣe ń gbé?"

Síbẹ̀, Dorothy wá lẹ́ẹ̀kan. Ó mú ìwé lọ́wọ́, ó ń béèrè. Níbo lẹ ti ń ṣe àlùwàlá? Bí ẹ bá ń dín ata, ṣé ẹ fẹ́ kí àlejò gbóòórùn ẹ̀? Ta ni kò lè gun àtẹ̀gùn nínú yín? Mùsílíù rọra sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ilẹ̀kùn. "Àwọn ìmígíréṣọ̀n gan-an ò bi mí tó báyìí!"

Ló bá dojú kọ àwòrán ilé fúnra rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ti ya yàrá kan sí ìsàlẹ̀; Mùsílíù ní kí wọ́n yọ ògiri rẹ̀, kó wọ inú pálọ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi tán, àga ló fà á. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ó sì ti ra àga mẹ́rìnlá aláwọ̀ wúrà, tó jẹ́ pé orí kìnnìún ló wà níbi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé. Ọdún méjì gbáko ni àwọn kìnnìún yìí fi sùn nínú gáréèjì Ọbádáre ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí mọ́tò Ọbádáre sì ń sùn nínú yìnyín.

"Màmá ńkọ́?" Fàdìlàt bi í.

"Yàrá mẹ́rin ń bẹ lókè. Èyí tó dára jù ni tiwọn. Fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn gan-an."

Bí ẹni pé fèrèsé ló máa gbé wọn gòkè.

Ilé parí, Màmá dé. Wọ́n wo pálọ̀ lọ, wọ́n wò ó bọ̀. "Má ṣàá Allāhu. Mùsílíù, ṣé ibí lẹ ti ń kírun Jímọ̀ ni?"

"Pálọ̀ wa ni, Màmá."

"Yàrá tèmi dà?"

Gbogbo ojú yí sí àtẹ̀gùn. Mẹ́rìndínlógún ni, ó lọ́ bí ejò. Màmá fojú kà á tán, wọ́n jókòó sórí àga kan.

Ó wá di pé Mùsílíù ń pọn ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, ó pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án, ó tún pọ̀n wọ́n gòkè lọ ṣe àlùwàlá, torí bésìnì tó wà nísàlẹ̀ ò ju ife lọ, ẹsẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì tó ti ń gbé aláìsàn látọjọ́ yìí ta pàá. Ó nà gbalaja sáàárín àwọn kìnnìún rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Màmá fi gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀. "Mùsílíù, pe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àlejò lo kọ́lé fún, n ò fẹ́ gbàyè wọn." Wọn ò bínú o. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ìyẹn ló sì dun Mùsílíù ju ẹ̀yìn lọ.

"Fàdìlàt," ó pè é láti ilẹ̀, "nọ́ńbà obìnrin yẹn dà?"

Dorothy dé, òun àti ìwé ìjọ́sí náà. Ta ni kò lè gun àtẹ̀gùn?

Mùsílíù nawọ́. "Àwa méjì."

Wọ́n fọ́ kọnkéré tuntun nítorí páìpù omi. Wọ́n dá ògiri padà síbi tí agbaṣẹ́ṣe ti kọ́kọ́ yà á sí, pálọ̀ dín sí ìdajì. Dorothy ṣe ibi àlùwàlá kan tí Màmá lè jókòó fọ ẹsẹ̀, Màmá sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ pe oní-tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Àga mẹ́ta péré ló ráyè. Ọ̀kan wà ní yàrá Màmá, orí kìnnìún ni wọ́n ń fi ìborùn kọ́. Ní ti ìyókù, Ọbádáre ti ra àgádágodo tuntun sí gáréèjì rẹ̀ kí kìnnìún kankan má baà padà wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Adétọ́lá tó fẹ́ kọ́lé wá wo tiwọn. Mùsílíù gbọ́wọ́ lé kìnnìún, ó wúkọ́. "Àbúrò, kí wọ́n tó da kọnkéré o, pe ẹni tó ń ṣètò inú ilé. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún Fàdìlàt nìyẹn, kò fẹ́ gbọ́."

Fàdìlàt gbé omi àlejò dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Látinú yàrá ìsàlẹ̀ ni ohùn Màmá ti jáde:

"Mùsílíù, rọra purọ́. Mo fẹ́ kírun."